Ihò Èéfín Tí Kò Ríṣẹ́ Ṣe Mọ́

Bí ènìyàn bá ń wo àwọn ilé àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù láti òkèèrè, ohun tí ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá lórí òrùlé ni àwọn ìkòkò amọ̀ tí a tò jọ bí ìgbà tí amọ̀kòkò bá kó ọjà síta. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Ẹnu ihò èéfín ni, ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní ṣímínì. Ìkòkò kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní ihò tirẹ̀, ihò náà sì ní ààrò tirẹ̀ nísàlẹ̀, nínú yàrá gan-an. Ilé tí wọ́n kọ́ láyé Ọbabìnrin Victoria lè ní ààrò mẹ́rin tàbí márùn-ún, nítorí pé inú yàrá ni wọ́n ti ń dá iná èédú kí òtútù má baà pa wọ́n.

Àwa náà mọ èéfín. Ní ilé ìdáná àwọn ìyá wa àgbà, a kì í la ihò kankan fún un. Àárín koríko òrùlé ni yóò gbà jáde. Àgbàdo tí a so sókè ààrò yóò gbẹ, kòkòrò kò ní rí i jẹ, koríko òrùlé pàápàá yóò pẹ́ kí ó tó jẹrà. Ọjọ́ tí a bá ṣíwọ́ iná dídá nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun tó jọ ọ́ ló ṣe ṣímínì àwọn òyìnbó, àfi pé bíríkì ni tiwọn.

Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú àti kùrukùru dì mọ́ra lórí Lọ́ńdọ̀nù. Nǹkan bí 4,000 ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ kà pé ó pa. Àwọn onímọ̀ tó tún un ṣírò lẹ́yìn náà ní ó lè tó 12,000. Ní 1956 ìjọba ṣe òfin láti dín èéfín kù nínú ìlú. Nígbà tí ó sì di 1967 sí 1977, wọ́n ń yí ẹ̀rọ ilé padà kí ó lè máa lo gáàsì tí wọ́n rí lábẹ́ Òkun Àríwá. Bí ààrò ṣe kú nìyẹn. Ṣímínì kò kú ní tirẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀ sí òjò.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àbúrò ìyá mi rà ní Peckham, níbi tí a ti lè ra ewédú àti ẹ̀jẹ̀ ata láìsọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan. Ọdún méjì ni mo fi gbé lọ́dọ̀ wọn. Nígbà òtútù, atẹ́gùn á máa rọ́ wọlé láti inú ṣímínì yàrá iwájú, ooru tí a fi owó gáàsì rà á sì máa gba ibẹ̀ lọ sí ọ̀run. Àǹtí mi kò lè fara dà á. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n mọ iye wákàtí tí wọ́n fi dúró kí wọ́n tó rí owó gáàsì oṣù kan. Kí n tó dé ni wọ́n ti pe oníṣẹ́ kan. Oníṣẹ́ náà fi bíríkì dí ẹnu ààrò pátápátá, ó rẹ́ ẹ, ó kùn ún, ó gun òrùlé, ó sì fi sìmẹ́ǹtì dí ẹnu ìkòkò. Ó gbowó rẹ̀, ó lọ.

Ọdún kìíní dára. Ní ọdún kejì, àbàwọ́n kan yọ lára ògiri níbi tí ṣímínì gbà kọjá, ó pọ́n bí omi tíì. A kùn ún, ó tún yọ. Lẹ́yìn èyí ni bébà ara ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, tí nǹkan dúdú, irú èyí tí í hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́, sì ń hù lẹ́yìn ibùsùn ọmọ-ọmọ wọn. Ọmọ náà ń wúkọ́ lóru. Ẹnìkan nínú ìjọ wọn ní ọwọ́ ayé ni, kí a fi òróró ya ògiri náà sí mímọ́. Wọ́n fi òróró yà á. Àbàwọ́n kò lọ, ti òróró tún kún un.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ọmọ ọdún méjì kan kú ní Rochdale, ní àríwá ilẹ̀ náà. Ní 2022 adájọ́ tó wádìí ikú rẹ̀ sọ pé ohun dúdú tó hù lára ògiri ilé wọn ló fa àìsàn èémí tó pa á. Nígbàkigbà tí ọmọ inú ilé wa bá wúkọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo máa ń rántí.

Bàbá òyìnbó kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígbá ṣímínì ló là wá lójú. Ó ní iyọ̀ ló wà nínú bíríkì náà. Èédú tí wọ́n ti ń jó níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní oríṣi iyọ̀ nínú, ó sì ti wọ inú ògiri lọ. Ẹ rántí iyọ̀ tí a gbé kalẹ̀ láìdé nínú oṣù Kẹfà nílé wa: kí ilẹ̀ tó mọ́ á ti di omi, bẹ́ẹ̀ òjò kò kàn án. Bí ògiri náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Inú afẹ́fẹ́ ló ti ń fa omi mu. Ìdí nìyí tí àbàwọ́n fi ń pọ̀ sí i ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ rárá, èyí tó ti rú wa lójú tipẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ooru omi láti inú ìkòkò ọbẹ̀ àti aṣọ tí a sá sínú ilé ń gba ojú ihò wẹ́wẹ́ wọ inú ṣímínì. Bí ó bá ti kan bíríkì tútù, á di omi, bí ìgò ọtí tútù ṣe ń làágùn. Òjò náà ń gba ibi tí bíríkì orí òrùlé ti sán wọlé. Nígbà tí ihò ṣí lókè àti nísàlẹ̀, atẹ́gùn ń gbé gbogbo omi wọ̀nyí lọ. Oníṣẹ́ wa ti ti atẹ́gùn mọ́ta, ó sì ti omi mọ́lé.

Ẹ wá wo ìjà.

“Ìwọ ọmọ yìí, mo sanwó kí wọ́n bá mi dí ihò, o tún ní kí n sanwó kí wọ́n lu ihò?”

“Àǹtí, ẹ má bínú. Ihò kékeré ni.”

“Ihò kékeré ni òtútù ń gbà wọlé!”

Bàbá náà kò dá sí i. Ó yọ bíríkì kan ṣoṣo kúrò nísàlẹ̀. Òórùn tó jáde dà bí ti aṣọ tútù tí a ká sínú àpótí fún oṣù mẹ́ta. Àǹtí mi fi ìborùn bo imú, wọ́n wo ibi tí ọmọ ń sùn, wọ́n ní kí ó máa bá iṣẹ́ lọ.

Kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, ó wádìí pé kò sí ẹ̀rọ gáàsì kankan, tiwa tàbí ti ará ilé kejì, tó ń tú èéfín sínú ihò náà, nítorí ilé méjì ló jọ pín òpó ṣímínì yẹn. Ẹni tó bá dí ihò tí ẹ̀rọ ń lò lè fi gáàsì tí kò lóòórùn pa ará ilé lójú oorun. Lẹ́yìn náà ló gbá a. Èérí èéfín tó kó jáde kún àpò méjì. Bí ó ti ń gbá a ló sọ fún wa pé ọmọdé ni wọ́n ń rán wọ inú ihò wọ̀nyí tẹ́lẹ̀, títí ọmọ kan tó ń jẹ́ George Brewster fi kú ní 1875 lẹ́yìn tí ó há sínú ọ̀kan, tí òfin sì le sí i lọ́dún náà. Mo tún wo ihò yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Orí mi kò lè wọ̀ ọ́.

Ó fọ́ sìmẹ́ǹtì orí ìkòkò, ó dé e ní fìlà amọ̀ tó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́: òjò kò lè wọlé, atẹ́gùn lè jáde. Nísàlẹ̀, ó fi bíríkì oníhò kan, ínǹṣì 9 ní gígùn àti ínǹṣì 3 ní gíga, sí ojú ààrò tí wọ́n ti dí. Atẹ́gùn tó ń gba ibẹ̀ kò ju èyí tí ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ. Ó ha ìrẹ́ ògiri tó ti mu iyọ̀ kúrò, ó ní kí a fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò kí ó gbẹ. Oṣù mẹ́fà ni ògiri fi wà bẹ́ẹ̀, tí àlejò ń bi wá bóyá owó ló tán. Ẹfun tí a sun nínú iná ni wọ́n fi rẹ́ ẹ níkẹyìn, nítorí ó ń jẹ́ kí ògiri mí ju sìmẹ́ǹtì lọ.

N kò di gbogbo ẹ̀bi ru oníṣẹ́ àkọ́kọ́. Àwa tí a ti ilẹ̀ olóoru lọ, òtútù nìkan la kà sí ọ̀tá níbẹ̀. Owó tí a sì bá ní lọ́wọ́ la fi ń dí ihò. Ikọ́ ọmọ náà ti rọlẹ̀. Bóyá ògiri ni, bóyá nítorí pé a gbé ibùsùn rẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ṣímínì yàrá ẹ̀yìn ló kù. Àǹtí mi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù pé ẹyẹ dúdú kan tó jọ kannakánná ti kó igi wẹ́wẹ́ kún un, ó sì ti yé ẹyin. Òfin ọdún 1981 kò gbà kí ẹnikẹ́ni ba ìtẹ́ ẹyẹ jẹ́ nígbà tí ẹyẹ bá ń lò ó. Wọ́n ní kí n sọ fún bàbá náà kí ó ní sùúrù di ìgbà tí àwọn ọmọ ẹyẹ bá fò, pé àwọn ti di onílé tí ayálégbé rẹ̀ kì í sanwó.