Peruskoulu
Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Fínlándì tí kò kúrò lọ́kàn mi: peruskoulu. Perus ni ìpìlẹ̀. Koulu ni ilé-ìwé. Àlejò ni koulu. Láti inú skola ti àwọn ará Sweden, tí wọ́n jọba lé wọn lórí títí di 1809, ni wọ́n ti yá a, skola náà sì ti inú èdè Látìn wá. Èdè Fínlándì àtijọ́ kò gba kọ́ńsónáǹtì méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ni wọ́n bá já s sọnù. Tiwa náà kò gbà á. Nígbà tí a yá súkúù lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, fáwẹ́lì ni a kì bọ àárín. École tí a ń kọ sára ògiri níhìn-ín, ọmọ ìyá wọn ni.

Ṣùgbọ́n perus ni ó ká mi lára jù. Kí òfin 1968 tó dé, bí ọmọ bá ti tó nǹkan bí ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ń yà wọ́n: àwọn kan lọ sí oppikoulu, tí ó já sí yunifásítì, àwọn yòókù dúró sí kansakoulu. Láti 1972, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Lapland, wọ́n sì dé Helsinki ní 1977: gbogbo ọmọ ń jókòó pọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Àbúrò mi kò yege nínú ìdánwò CEP. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, èmi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Òun ni ó rán ẹ̀wù tí mo wọ̀ lọ gba ìwé-ẹ̀rí líságsì mi. Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún un, ó dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró.

“Mẹ́sàn-án? Ẹ̀gbọ́n mi, mẹ́fà péré ni tèmi.”

Ó sì tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ.