Yàrá Abẹ́ Ilẹ̀ Tí Bàbá Onígìtá Ti Ń Ṣeré ní St. Louis

Bí ẹ bá dé ìlú St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ ní kí ẹ lọ wò ni ọ̀wọ̀n ńlá onírin tó tẹ̀ bí òṣùmàrè sí etí odò Mississippi. Mítà 192 ni gíga rẹ̀. Ẹ lọ wò ó, ó tó wò. Ṣùgbọ́n ní tèmi o, ibi tó dùn mọ́ mi jù ní ìlú náà kò sí lókè rárá. Abẹ́ ilẹ̀ ló wà, ní òpópónà Delmar, nínú ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Blueberry Hill, èyí tí Joe Edwards dá sílẹ̀ ní 1972. Ẹ ó sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ lọ sí yàrá kan tí kò gbà ju ènìyàn 340 lọ. Gbọ̀ngàn tí a fi ń ṣe ìgbéyàwó nílé wa níbí, òmíràn gba ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Nínú yàrá yẹn ni Chuck Berry ti ń ṣeré lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láti 1996 títí di 2014. Ìgbà 209 ló ṣeré níbẹ̀.

Àwọn tó jó ijó twist nígbà èwe wọn kò ní béèrè ẹni tí Chuck Berry jẹ́. Nítorí àwọn ọmọ ni mo ṣe ní láti ṣàlàyé díẹ̀. Ọmọ St. Louis gan-an ni, aláwọ̀ dúdú, wọ́n bí i ní 1926. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ mọ́tò, ó sì kọ́ iṣẹ́ irun ṣíṣe. Ní alẹ́ tí ọdún 1952 ń parí lọ, onídùùrù kan tó ń jẹ́ Johnnie Johnson pè é kó wá bá òun ṣeré ní ilé ijó kan ní òdìkejì odò, ní East St. Louis. Níbẹ̀ ló ti ń kọ orin àwọn aláwọ̀ funfun ìgbèríko bí aláwọ̀ dúdú ṣe máa kọ ọ́. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń fi í rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó, àwọn aláwọ̀ funfun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ní 1955 ló gbé orin Maybellene jáde. Àwọn Beatles àti Rolling Stones tún orin rẹ̀ kọ. Nígbà tí Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ Voyager lọ sójú òfurufú ní 1977, wọ́n fi Johnny B. Goode, orin rẹ̀, sínú àwo wúrà tí ọkọ̀ náà gbé lọ.

Kí wá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wá ní abẹ́ ilẹ̀, níwájú ènìyàn 340? Edwards ti sọ ọ́: Berry fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ tún ṣeré ní ibi tó kéré bí àwọn ibi tí òun ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi nígbà tí mo rántí bó ṣe ń rìn. Ọdún púpọ̀ ló fi ń dá rìnrìn àjò, òun àti gìtá rẹ̀ nìkan. Ìlú tó bá dé, àwọn olórin ibẹ̀ ni wọn yóò bá a ṣeré. Kò ní gorí pèpéle àyàfi bí owó rẹ̀ bá ti wọ ọwọ́ rẹ̀. (Ẹni tí wọ́n ti rẹ́ jẹ rí ni í ṣe bẹ́ẹ̀, n kò bá a wí.) Ní Delmar, ó ní àwọn onílù àti onídùùrù tirẹ̀, ó sì lè wakọ̀ relé lẹ́yìn eré.

Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ló ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wa ní 2012. A dúró súnmọ́ pèpéle débi pé mo rí òógùn lọ́rùn bàbá náà. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ń kọ mànà, ó dé fìlà bíi ti ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi. Gìtá rẹ̀ kò fi gbogbo ara bá ohùn mu. Ó bẹ̀rẹ̀ orin kan, ó dé àárín, ó dúró, ó wo òkè bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù. Àwọn èrò bá a gbé e, wọ́n kọ ọ́ dópin. Àbúrò mi fẹnu kò mí létí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kí bàbá yìí lọ sinmi ni?”

N kò dá a lóhùn, nítorí ọmọ Berry tó dúró lápá ọ̀tún rẹ̀ ni mo ń wò. Charles ni orúkọ òun náà, gìtá ló ń ta. Kò gbójú kúrò lára ìka bàbá rẹ̀. Bí bàbá bá yí ohùn orin padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, bó sì ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ọmọ á ti bá a débẹ̀. Kò sáré ṣáájú rẹ̀, kò sì fi gìtá tirẹ̀ bo tàgbà mọ́lẹ̀. Ingrid, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń fun harmonica lápá kejì. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. A máa ń sọ ọ́ nílé, àmọ́ n kò tí ì rí i kí wọ́n fi gìtá ṣe é. Ibi tó ń ṣeré yẹn gan-an ni ìsinmi rẹ̀. Ẹni tó bá ní kó lọ jókòó sílé, ó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Kì í ṣe pé ènìyàn mímọ́ ni o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣẹ̀wọ̀n láyé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní iwájú Blueberry Hill ní 2011, àwọn kan tako o nítorí ìwà rẹ̀ àtijọ́. Wọ́n ṣáà gbé e síbẹ̀. Ẹ ó rí i ní òdìkejì títì, ó ń ta gìtá. Òpópónà Delmar yìí kan náà ni àwọn ará ìlú máa ń tọ́ka sí bí ààlà: àríwá rẹ̀, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù; gúúsù rẹ̀, aláwọ̀ funfun. Bí ẹ bá mú àwọn ọmọ lọ ya fọ́tò níbẹ̀, ẹ sọ ìtàn méjèèjì fún wọn.

Oṣù October 2014 ló ṣeré kẹ́yìn ní abẹ́ ilẹ̀ náà. Ó kú ní March 2017, lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì tẹ́ òkú rẹ̀ sí ilé eré Pageant, lójú òpópónà Delmar kan náà, pẹ̀lú gìtá pupa rẹ̀ nínú ìdérí pósí. Ní oṣù kẹta lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwo rẹ̀ tuntun jáde, àkọ́kọ́ láti 1979. Àwọn tó ń bá a ṣeré ní Blueberry Hill ló bá a ṣe é. Charles àti Ingrid wà nínú rẹ̀. Ọmọ Charles náà, tí òun pẹ̀lú ń jẹ́ Charles, ta gìtá níbẹ̀.