Mo Tún Ọkọ̀ Màámi Ṣe, Ọwọ́ Mi Náà Ló Tún Bà Á Jẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò buyì kún mi, ṣùgbọ́n bí mo bá pa á mọ́ra, ẹlòmíràn lè kó sí i bí mo ṣe kó sí i.

Màámi ń ta ata àti tòmátò ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ògbólógbòó píkọ́ọ̀pù kan ni wọ́n fi ń kó ọjà. Nígbà tó di pé àfi ká ti ọkọ̀ yìí láràárọ̀ kó tó dáhùn, àwọn èèyàn ní bátìrì ló kú. Màámi fi owó ọjà ra tuntun. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin, tuntun náà kú. Réwáyà kan ládùúgbò wá ní alternator ló bàjẹ́, kí Màámi mú ₦45,000 wá fún tòkunbọ̀. Màámi figbe ta: "Ṣé kí n máa ta ata ni, àbí kí n máa sin ọkọ̀?"

Èmi oníwèé mẹ́wàá ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Mo yá mítà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún rédíò ṣe.

Ẹ̀yin ìyá wa, alternator ni irin roboto tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí. Òun ló ń ṣe iná tó ń padà sínú bátìrì. Tí kò bá ṣiṣẹ́, bátìrì á dà bí ọlọ́jà tó ń jẹ ojú owó, ó ń ná, kò sóhun tó ń wọlé. Mo kan mítà mọ́ orí bátìrì kí a tó ṣíná, ó jẹ́ 12.4. A ṣíná tán, kàkà kó gòkè dé 13.8 sí 14.5, ńṣe ló já sí 12.1. Mo wo bẹ́líìtì, ó le dáadáa. A jẹ́ pé inú alternator ni nǹkan wà.

Mo kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, mo yọ wáyà dúdú lórí bátìrì, torí wáyà ńlá ẹ̀yìn alternator kì í sùn. Iná wà lára rẹ̀ bí ọkọ̀ tilẹ̀ kú. Mo tú u sórí ẹní lẹ́yìnkùlé. Àṣé kábọ̀n méjì tó ń gbé iná wọ inú èyí tó ń yí ti jẹ tán, ọ̀kan ò ju èékánná lọ! Mo lọ sí Agodi Géètì, ₦2,000 ni wọ́n ta irú rẹ̀ fún mi. Mo fi sọ́dà jó o mọ́ àyè rẹ̀, mo fi sáńpépà tó kúnná nu òrùka bàbà tí kábọ̀n ń rìn lórí rẹ̀. Mo fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ há kábọ̀n sẹ́yìn kí n tó dé e pa, lẹ́yìn náà mo fa wáyà yẹn yọ. A ṣíná, mítà ní 14.2! Màámi jó. Àwọn ará ilé ń pariwo, "Ẹ́ńjíníà! Ẹ́ńjíníà!"

Orí mi wú. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Tó bá dá ọ lójú, yọ orí bátìrì, ká wò ó bóyá ẹ́ńjìnnì ò ní kú." Àìmọye ìgbà ni mo ti rí i tí àwọn réwáyà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tan iná iwájú, mo yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì ń sáré lọ́wọ́. Iná ọkọ̀ tàn yòò lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Òórùn jíjó gba ilé. Ẹnikẹ́ni ò pe Ẹ́ńjíníà mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ náà ló yẹ kí Màámi lọ kó ata. Agbọ̀n mẹ́fà tí wọ́n ti bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lé lórí bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Irọ́ ti dé ètè mi, pé ọjà Géètì ni kò dáa. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ìyá mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Màámi, ọwọ́ mi ló bà á jẹ́."

Bàbá réwáyà àgbà kan ló bá wa tú u. Wọ́n fi mítà wo dáódù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Èyí tó bá dáa á jẹ́ kí iná kọjá lọ́nà kan, á dí i lọ́nà kejì. Méjì ti ń gbà á síwá sẹ́yìn. Regulator tó ń kó iná níjàánu náà ti jó.

Bàbá ní, "Ọmọ mi, bátìrì ni ìkòkò tó ń gba iná yẹn. O gbé ìkòkò kúrò nígbà tí omi ń ya bọ̀, níbo lo fẹ́ kó dà sí? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá alternator ń ṣiṣẹ́, mítà ni kó fi wò ó."

₦19,000 ni gbogbo rẹ̀. Owó oṣù mi ni mo fi san án, díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́kọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ orí bátìrì yín nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ ọ̀gá.

Màámi ò bú mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fẹ́ jáde báyìí, wọ́n á pè mí: "Àkànbí, gbé mítà rẹ wá. Mítà nìkan o! Má fọwọ́ kan orí bátìrì mi."