Bísímílà Lórí Súwíìṣì

Alhájà tó ń gbé yàrá iwájú nílé wa ní Ṣàpọ́n kì í paná lásán. Bí wọ́n bá ti kírun Iṣáì dé láti mọ́sálásí, wọ́n á tẹ súwíìṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á ní, "Bísímílà," ilẹ̀ á sì ṣú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ. Àfi bó ṣe wá kó sí mi létí bíi kòkòrò lálẹ́ ọjọ́ kan. Oúnjẹ là ń ṣe Bísímílà sí, ẹran là ń ṣe Bísímílà pa. Kí ni ti gílóòbù?

Mo bi wọ́n. Wọ́n ní Ànábì ló pa á láṣẹ pé ká máa pa àtùpà ká tó sùn, ká sì dárúkọ Ọlọ́run sí i, torí eku lè fa òwú rẹ̀, kó dáná sun onílé mọ́lé.

Eku! Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ eku yìí kò jẹ́ kí n sùn. Gílóòbù ò lówùú, kí leku fẹ́ fà níbẹ̀? Bí ìdí òfin bá ti lọ, kí ni òfin ń dúró ṣe? (Eku àjà ilé wa ń jẹ wáyà o, n kò jiyàn.) Ibi tí mo ti ń rò ó kiri ni ìyá ìyá mi ti yọ sí mi lọ́kàn, ní Ìtòkú, tí wọ́n ń fi ìko di àdìrẹ lóru nídìí àtùpà elépo òyìnbó. Bí àlejò bá wọlé, tí iṣẹ́ dúró, wọ́n á yí òwú àtùpà wálẹ̀ títí á fi kù bíi ojú ológbò. Wọ́n á ní ẹnu la fi ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ojú. Inú òkùnkùn yẹn ni mo ti gbọ́ gbogbo ìtàn ìdílé wa. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ẹ̀sìn. Owó epo ni wọ́n ń ṣọ́.

Ṣé owó náà ni Alhájà ń ṣọ́, tí wọ́n wá ń fi Bísímílà bò ó? Rárá. Kí mítà tó dé ilé wa, ojú lásán ni iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná fi ń díwọ̀n owó iná fún wa. O paná, o ò paná, iye kan náà ni. Iná gbogbo wa ń tàn tọ̀sán-tòru nígbà náà. A ní a ó jẹ owó wa tán lára iléeṣẹ́ náà. Alhájà nìkan ló ń pa tiwọn.

Mítà oníkáàdì dé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ìjọba gbé owó iná àwọn bíi tiwa tó wà ní Band A, ìpele tí iná pọ̀ sí jù, kúrò ní náírà 68 lọ sí náírà 225 lórí yúníìtì kan. Mo ṣírò rẹ̀: gílóòbù 60 wáàtì tó bá tàn fún wákàtí mẹ́wàá, náírà 135 nìyẹn nígbà náà. Ọmọdé ilé wa ò gbàgbé iná mọ́.

Mo rò pé inú Alhájà á dùn pé gbogbo wa ti ń ṣe bíi tiwọn. Wọ́n mi orí.

"Ìyá Tólú, mítà yìí ti gba láàdá mi. Nígbà tí n kò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀, mo mọ̀ pé Ọlọ́run ni mò ń ṣe é fún. Ní báyìí, bí mo bá fọwọ́ kan súwíìṣì, mi ò mọ̀ bóyá Òun ni àbí káàdì."

Mo ti múra láti sọ fún wọn pé Póòpù Francis náà, nínú ìwé rẹ̀, Laudato Si', lọ́dún 2015, ka pípa iná tí a kò lò mọ́ ìtọ́jú ayé tí Ọlọ́run dá. Mo gbé e mì.

Ni wọ́n bá sọ ibi tí wọ́n ti ń wá láàdá báyìí fún mi. Mo ṣe bí ìtàkúrọ̀sọ ló ń dá wọn dúró ní mọ́sálásí lẹ́yìn Iṣáì. Àṣé wọ́n ń dúró kí ìjọ tú ká ni, kí wọ́n lè máa pa fáànù àti gílóòbù lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sọ ìtàn Umar ọmọ Abdul-Azeez fún mi, kàlífà tó máa ń pa àbẹ́là tí wọ́n fi owó ìlú rà, kó tó sọ̀rọ̀ ilé ara rẹ̀. "Iná yẹn ò sí lórí káàdì mi," ni wọ́n wí.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, bí iná bá wà, fáànù yàrá akọrin ń yí láti ọjọ́ Ìsinmi dé Ọjọ́rú, tó ń fẹ́ ẹ̀wù tó wà lórí ìṣó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo dúró lẹ́yìn ìsìn, mo wá súwíìṣì rẹ̀ títí. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, eruku ti bò ó.