Ewé Akíntọ́lá, Àbí Ewé Awólọ́wọ̀?

Àwọn àgbà ní orúkọ ní í ro ọmọ. Ẹ wá bá mi wo ewé kan tí orúkọ rẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ nínú agboolé wa ní Bẹẹrẹ.

Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ̀ ọ́n. Ó wà lórí ààtàn, ó gba gbogbo oko tí a kò ro. Méjì méjì ni ewé rẹ̀ ń kọjú síra, iṣan mẹ́ta ló sì là á bí àmúga. Ẹ rún un lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ á gba imú yín kan. Ìgbà ọyẹ́ ló ń tanná. Ìdílé òdòdó-oòrùn ló ti wá, òun àti ewúro tí à ń rà l'Ọ́jà'ba, àti yúnyun, àti imí-eṣú. Ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́ òdòdó kan ṣoṣo, àpapọ̀ òdòdó wẹ́wẹ́ ni. Bí ó bá gbẹ, irun funfun tó wà lórí èso rẹ̀ ni atẹ́gùn fi ń gbé e kiri.

Àlejò ni. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá. Àwọn onímọ̀ ní inú irúgbìn igi Gmelina tí wọ́n kó láti Ceylon ní 1937 ló fara pamọ́ sí. Nígbà tó di 1942, wọ́n ti rí i nítòsí Enugu. Ìgbà tó ń gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni ìjà òṣèlú náà ń gbilẹ̀.

Ọlọ́pẹ paraku ni bàbá mi. Ó ní ewé Akíntọ́lá ni, torí pé ó ń ba oko jẹ́. Dẹ́mọ̀ ni àbúrò rẹ̀. Ó ní irọ́ ni o, ewé Awólọ́wọ̀ ni. Lẹ́yìn ìbò 1965, tí wẹ́tìẹ́ ń jó ilé kiri, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ò kí ara wọn mọ́. Wọ́n pa Akíntọ́lá n'Íbàdàn yìí ní January 15, 1966, síbẹ̀ wọn ò sọ̀rọ̀.

Ó di ọjọ́ kan lóko wa lọ́nà Àkànrán, àdá gé àbúrò bàbá mi lẹ́sẹ̀. Bàbá mi sáré já ewé yìí, ó rún un, ó fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́, ó sì fi aṣọ dì í. Ẹ̀jẹ̀ dá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ewé wo lẹ fi sí i?"

"Èyí tó wà nítòsí ni."

Ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín.

Àwọn onímọ̀ náà kò fi orúkọ rẹ̀ lọ́rùn sílẹ̀. Linnaeus pè é ní Eupatorium odoratum ní 1759; orúkọ Mithridates Eupator, ọba Pontus láyé àtijọ́, ló wà nínú ìyẹn. Ní 1970, King àti Robinson kó o lọ sábẹ́ Chromolaena, tí oríṣi rẹ̀ lé ní 160. Ewé ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí. Àwọn ọmọ wọn ló tún ń bínú síra nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹ bá mi sọ fún wọn: ẹgbẹ́ dé bá wa nílé ni, ọmọ ìyá ni onílé.