Fúnmi Ìyàndá àti Ìjàkadì Ẹnu Lórí Tẹlifíṣàn

Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Nígbà ọdún Onímọ́kà, Ọlọ́fà, ọba ìlú náà, àti Ẹ̀sà, olóyè rẹ̀, a máa gbá ara wọn mú lójú gbogbo ìlú, ìjà tí kò ní ìkùnsínú nínú. Kò sí ohun tó jọ iṣẹ́ atọ́kùn ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì á jókòó lójú ayé, ọ̀kan á máa bi èkejì ní ohun tí kì bá fẹ́ sọ, bí ètò bá sì parí, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́. Ọmọ Kwara kan, ìpínlẹ̀ tí Ọ̀fà wà, wà lára àwọn tó mọ ìjàkadì ẹnu yìí jù lọ ní Nàìjíríà: Fúnmi Ìyàndá, tí bàbá rẹ̀ wá láti Ida Ogun.

Èkó ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1971. Ọmọ ọdún 7 ni nígbà tí ìyá rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, papò dà, bàbá rẹ̀ ló sì tọ́ ọ dàgbà. Jọ́gíráfì ló kà ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Iṣẹ́ tẹlifíṣàn tó wá bọ́ sí ti ní ìtàn kó tó dé. Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV sílẹ̀. Arábìnrin Àníkẹ́ Agbájé-Williams ni ojú àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn rí lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, Art Alade gbé The Bar Beach Show kalẹ̀ l'Ékòó, orin àti àlejò pa pọ̀. Danladi Bako ń tọ́kùn Morning Ride, Frank Olize sì ń ṣe Newsline. Akíkanjú ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ológun ti kó gbogbo iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ìpínlẹ̀ sábẹ́ NTA, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ìjọba àpapọ̀, láti ọdún 1976 sí 1977, ta ni yóò fi ẹnu ìjọba bi ìjọba léèrè ọ̀rọ̀? Ẹni tó ni afẹ́fẹ́ ló ni ìbéèrè. Ìgbà tí òfin ọdún 1992 gbà pé kí aládàáni náà dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ni ọ̀nà tó ṣí díẹ̀.

Ọ̀nà yẹn ni Ìyàndá gbà wọlé. Ó ṣiṣẹ́ lórí ètò Good Morning Nigeria, lẹ́yìn náà lórí MITV Live, èyí tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, àgbà agbábọ́ọ̀lù, àti Túndé Kèlání, àgbà nínú iṣẹ́ sinimá, jọ gbé jáde. Ó tún kọ́ṣẹ́ akọ̀ròyìn eré ìdárayá, èyí tó gbé e dé Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ní Zimbabwe àti Òlíńpíìkì. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún atọ́kùn. Bọ́ọ̀lù kì í dúró de akọ̀ròyìn. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ ni wàá sọ, lójú ẹsẹ̀, láìní àyè àtúnṣe.

Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1999 ni àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀. Ní ọdún 2000 ni New Dawn with Funmi bẹ̀rẹ̀ lórí NTA. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ NTA ló ṣe é. Iléeṣẹ́ tirẹ̀ ló ń gbé e jáde. Ẹni tí kò bá sí nínú iṣẹ́ náà lè má mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àwọn tó ń dá ètò ṣe a máa ra àkókò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn, wọ́n á wá onígbọ̀wọ́ fúnra wọn, wọ́n á san owó kámẹ́rà, owó iná àti owó àwọn ọmọṣẹ́. Bí onígbọ̀wọ́ bá yọwọ́, ètò á dákú. Níwájú kámẹ́rà wàyí, ohùn ẹni tó ń darí ètò wà létí atọ́kùn, ó ń sọ fún un pé ó ku ìṣẹ́jú kan, pé kó gba ìpolówó wọlé. Àlejò wà níwájú rẹ̀, omi ti lé ròrò lójú àlejò náà. Etí kan fún ọ̀gá, etí kejì fún ẹni tó ń sunkún, ojú kò sì gbọdọ̀ kúrò lára àlejò. Ìyàndá ṣe èyí ní òwúrọ̀ dé òwúrọ̀ fún ohun tó lé ní ọdún 8. Nínú ètò náà ni Change-A-Life ti wá, àjọ tó ń ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ láti lọ sílé ìwé, tó sì ń bá àwọn aláìsàn wá ìtọ́jú.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004, òṣèré kan tó ń jẹ́ Bísí Alimi jókòó níwájú Ìyàndá lórí ètò náà, ó sì sọ fún gbogbo Nàìjíríà pé ọkùnrin bíi tòun ni ọkàn òun ń fà sí. Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ rí lórí tẹlifíṣàn orílẹ̀-èdè yìí. Ohun yòówù kí èrò òǹkàwé jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, ìgboyà àwọn méjèèjì tọ́ sí ìbọ̀wọ̀ fún: ẹni tó dáhùn, àti ẹni tó béèrè tí kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fòpin sí ṣíṣe ètò náà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n máa yẹ àlejò wò kó tó wọlé.

Atọ́kùn mìíràn, Mo Abudu, bẹ̀rẹ̀ Moments with Mo ní ọdún 2006, àwọn ènìyàn sì ń fi òun àti Ìyàndá wé Oprah Winfrey, tí ètò rẹ̀ gba ọdún 25 ní Amẹ́ríkà, láti 1986 di 2011. Ìwúrí ni, ṣùgbọ́n kò fi gbogbo ara tọ́. Oprah kò fìgbà kan ṣiṣẹ́ lórí tẹlifíṣàn tí ìjọba ni.

Nígbà tó di ọdún 2010, Ìyàndá gbé Talk with Funmi jáde, ó sì kó kámẹ́rà rìn láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn, ó ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n wà. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2012 dé, tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà epo fò láti náírà 65 sí 141 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn tú síta títí ìjọba fi dín in sí náírà 97. Ìyàndá ya ìwọ́de náà sínú fídíò, ó pè é ní Chopcassava, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì gbé e sí. Kò ra àkókò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ ń tọ̀ lónìí, títí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Ọ̀fà tó ní fóònù àti dátà. Ohùn ọ̀gá tó wà létí àti àwọn tó ń ṣèwádìí kí àlejò tó dé ni wọn kò ní, ó sì ń hàn nínú ìbéèrè wọn.

Ní ọdún 2019, Ìyàndá sọ Walking with Shadows, ìwé tí Jude Dibia kọ ní 2005, di fíìmù. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó fi irú ohun tí Alimi sọ pa mọ́ fún ìyàwó rẹ̀ ni. Òfin tí ìjọba fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2014 ti wà nílẹ̀ nígbà náà ní Nàìjíríà, tó ní kí ọkùnrin méjì tó bá fẹ́ ara wọn lọ sẹ́wọ̀n ọdún 14. London ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn.