Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí Àlejò Wọ Èkó

Bí àwọn ará òkè bá ti gbọ́ pé ènìyàn ń gbé Èkó, ìbéèrè kan ni wọn yóò kọ́kọ́ bi í: "Ìgbà wo ni ó dára kí a wá?" Ọ̀pọ̀ ará Èkó kì í tilẹ̀ ro ìdáhùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọn a ní, "Oṣù kejìlá ni, nígbà ọdún Kérésì!" Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn kan náà ni wọ́n máa ń ráhùn jù lọ nípa sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ bí Kérésì bá dé. Ní tèmi, oṣù kẹjọ ni mo máa ń pe àlejò sí, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, nítorí àkókò ìsinmi yín tí ó gùn jù lọ ni.

Ìlú Èkó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, afẹ́fẹ́ méjì ni ó sì ń bá ara wọn jìjàdù lórí rẹ̀. Ọ̀kan ń fẹ́ wá láti ojú òkun, ó rin ṣìnṣìn fún omi. Èkejì ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ó gbẹ, ó sì kún fún eruku. Òun ni à ń pè ní ọyẹ́. Nínú ìyókù ọdún, afẹ́fẹ́ òkun ni ó máa ń borí ní Èkó. Nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kìn-ín-ní ni ọyẹ́ máa ń ráyè dé ọ̀dọ̀ wa, kì í sì í le tó ti Kánò tàbí ti Ìlọrin. Òjò ní tirẹ̀ a máa tẹ̀lé oòrùn. Bí oòrùn bá ń lọ sí ìhà àríwá, òjò yóò máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Yóò kọjá lórí Èkó láti oṣù kẹrin títí di oṣù keje, yóò sì lọ máa rọ̀ ní ilẹ̀ Haúsá ní oṣù kẹjọ. Nígbà tí ó bá ń padà bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, a tún rí i. Ìdí nìyí tí òjò Èkó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, tí ìdákẹ́ kékeré kan sì wà láàárín wọn. Omi òkun etí ilẹ̀ wa pàápàá a máa tutù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ní àkókò ìdákẹ́ náà, èyí sì ń dín òjò kù sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn yín pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín òjò oṣù kẹfà àti ti oṣù kẹjọ. Nínú oṣù kẹfà nìkan, òjò Èkó a máa ju mìlímítà 300 lọ. Ti oṣù kẹjọ kì í sábà tó ìdajì rẹ̀. Òjò oṣù kẹfà àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje kì í rọ̀ ṣeré. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 2011, òjò kan rọ̀ tí ó sọ òpópónà di odò, tí omi wọ ilé olówó àti ilé tálákà, tí ẹ̀mí sì bá a lọ. Àgbàrá kò mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé. Ní ti oṣù kejì àti ìkẹta, ooru wọn nìkan tó láti lé àgbàlagbà padà sí ìlú rẹ̀: ọ̀sán a máa gbóná tó òṣùwọ̀n 33, òru kò sì ní mú un rọ̀ púpọ̀.

Ó wá ku oṣù kejìlá. N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ojú ọ̀run a máa mọ́, òjò a fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà a sì máa wálé. Ìgbéyàwó lónìí, ìjọ́sìn ọpẹ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ a gbówó lórí, ojú ọ̀nà a dí pa, bí ẹ bá sì dé etí òkun, ènìyàn ni ẹ ó rí, ẹ kò ní rí omi.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà nínú ẹbí wa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹni ọdún 76, ń gbé Ìsẹ́yìn, níbi tí ó ti ń ta òwú fún àwọn ahunṣọ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ti ná ọjà Ìbàdàn, ó ti ná ti Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n kò fojú kan òkun rí, ó sì ti wí fún wa pé òun kò fẹ́ kú láìrí i. Ikọ́ fée ń bá a jà. Eruku ọyẹ́ ọdún kan gbé e dé ilé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Síbẹ̀, àkọ́bí rẹ̀ tí ń gbé Súrùlérè takú pé oṣù kejìlá ni kí ìyá wá, nígbà tí gbogbo ọmọ yóò pé, pàápàá èyí tí ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ti ọyẹ́ ojú ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Èkó."

Ó dá mi lóhùn pé, "Ọdún ni a fi ń kó ẹbí jọ. Ta ni yóò ṣàlejò ìyá mi nínú òjò?"

A fi ọ̀rọ̀ náà jà fún oṣù méjì. Ìyá àgbà fúnra wọn ni wọ́n parí rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹbí tí ó bá fẹ́ rí mi, kí ó wá sí Ìsẹ́yìn. Òkun ni kò lè wá."

Oṣù kẹjọ ni wọ́n dé. Òjò wínníwínní kan rọ̀ ní òwúrọ̀ tí a ń lọ sí etí òkun ní ìhà Lẹ́kí, ó sì dá kí a tó sọ̀ kalẹ̀. Ojú ọ̀run ṣú díẹ̀, afẹ́fẹ́ tutù, oòrùn kò ta ẹnikẹ́ni lórí. Ìyá àgbà wé ìborùn wọn mọ́ èjìká, wọ́n dúró. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé kì í sinmi?" Mo ní kì í sinmi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n sì tutọ́ rẹ̀ dànù pẹ̀lú ẹ̀rín: "Iyọ̀ ni lóòótọ́!" Wọ́n rọ ìgò kan kún láti fi han àwọn ọ̀rẹ́ wọn lọ́jà òwú. A jókòó níbẹ̀ fún wákàtí méjì, wọn kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọmọ wọn tí ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù kò bá wọn ní Èkó o, ẹ̀gbọ́n mi kò sì tíì dárí rẹ̀ jì mí.

Oṣù kẹjọ ní àbùkù tirẹ̀. Ìgbì òkun a máa le nígbà náà, omi abẹ́ rẹ̀ a sì máa fa ènìyàn lọ, nítorí náà ẹ má ṣe lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, bí ẹ ti wù kí ẹ mọ odò wẹ̀ tó nílé. Ẹ kò ní rí àgbálùmọ̀ rà. Ẹ̀ẹ̀rùn ni tirẹ̀. Àgbàdo sísè àti àgbọn ni ẹ ó jẹ. Ní ti Eyo, ẹ má ṣe fi í díwọ̀n ìrìn àjò yín, nítorí kò ní ọjọ́ kan pàtó lọ́dún. Ìgbà tí àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó bá kéde rẹ̀ ni à ń rí i. Ẹ mú aṣọ òtútù kan àti agbòjò dání, kí ẹ sì ti máa múra àtilọ bí oṣù kẹsàn-án bá wọlé, torí òjò àrọ̀kúrò ń bọ̀, ilé ìwé sì ń pè yín.